Kí Owó Tí A Fún Yunifásítì Má Baà Ṣòfò: Ìtọ́sọ́nà fún Sẹ́ẹ̀tì Akẹ́kọ̀ọ́jáde àti Ìdílé

Nígbà tí ó pé ogún ọdún tí sẹ́ẹ̀tì wa jáde, a dá owó jọ, a gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù sí ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin kan ní yunifásítì tí a ti kàwé. A kọ orúkọ sẹ́ẹ̀tì wa sára òkúta mábù, a gé ríbọ́ọ̀nù, a ya fọ́tò, omi ń tú yàà. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, nǹkan mìíràn gbé mi dé ọgbà, mo ní kí n yà wò ó. Àwọn ọmọ ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi bọ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ mábù wa kọjá. Súmò tó ń fa omi sókè ti jóná. Iye tí wọn ì bá fi ra òmíràn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a ná, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ̀ka tó ń tún nǹkan ṣe ní àwọn kọ́ ni àwọn gbẹ́ ẹ. Alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì ní wọn kò yọ owó kankan sílẹ̀ fún òun lórí rẹ̀. Àwa tí a gbẹ́ ẹ, oníkálukú ti padà sílé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá sẹ́ẹ̀tì wa mójú tó owó, mo sì ti bá sẹ́ẹ̀tì mìíràn àti ìdílé mélòó kan jókòó lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo rí kò ju ọ̀kan lọ: fífún yunifásítì lẹ́bùn, iṣẹ́ méjì ni, fífún àti títọ́jú. Ẹni tó bá ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan ti fi ẹ̀bùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn yunifásítì ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá ni mo ní lọ́kàn jù, irú Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kàwé, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ ti ń kùnà jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí owó ìjọba dé

Ẹ má lọ fi owó yín ṣe ohun tí owó ìjọba ti ń ṣe. Bí ẹ bá rìn nínú ọgbà yunifásítì ìjọba èyíkéyìí, ẹ ó rí orúkọ TETFund lára ilé tuntun. Òfin ọdún 2011 ló dá àjọ náà sílẹ̀ ní ipò èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, láti ara owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san lórí èrè wọn ló sì ti ń rí owó. Ó ń kọ́ gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, ó ń ra ohun èlò, ó ń rán àwọn olùkọ́ lọ gba oyè. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba nìkan ló wà fún, kò kan ti aládàáni.

Èkejì ni NELFUND, owó àyálò fún akẹ́kọ̀ọ́, tí òfin rẹ̀ jáde ní April 2024. Ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù fún jíjẹ mímu. Gbèsè ni, wọ́n á san án padà nígbà tí wọ́n bá rí iṣẹ́, àmọ́ ó ti yí nǹkan padà fún àwa tí a ń ṣètò ìrànwọ́. Tẹ́lẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré san fún ọmọ. Lónìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá ó ti gba owó àyálò. Bí ó bá ti gbà á, ibùsùn, oúnjẹ, dátà, ìwé àti owó iṣẹ́ àṣekágbá ló kù tó ń fún un lọ́rùn.

Nítorí náà, ibi tí owó wa ti wúlò jù ni àárín: ohun tó kéré jù fún àjọ ńlá láti rí, tó sì tóbi jù fún ọmọ tálákà tàbí olórí ẹ̀ka láti dá gbé. Ilé ìyàgbẹ́ tí omi kò dé. Fáànù mẹ́fà nínú kíláàsì tí igba ènìyàn ń jókòó sí. Owó kẹ́míkà fún olùkọ́ tó ń ṣèwádìí. Owó ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà lóru.

Ẹ lọ sí ọgbà, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lo nǹkan

Ìpàdé lórí WhatsApp kò lè sọ fún yín ohun tí yunifásítì nílò. Ẹ yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n lọ lo odidi ọjọ́ kan níbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n kí gíwá tàbí aṣojú rẹ̀, ọ̀wọ̀ ni, kò sì sí ohun tó máa yọrí bí àwọn ọ̀gá kò bá mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má parí rẹ̀ sí ọ́fíìsì ńlá. Kí wọ́n rí olórí ẹ̀ka. Kí wọ́n rí ẹni tó ń mójú tó yàrá àyẹ̀wò. Kí wọ́n rí pọ́tà họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n rí ìyá tó ń gbálẹ̀, kí wọ́n sì jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí wọ́n mú dání:

Kí ló bàjẹ́ tí ẹ kò tíì rí owó tún un ṣe?

Ẹ̀bùn wo ni wọ́n ti fún yín rí tí ẹ kò lò?

Bí a bá ṣe èyí, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, inú owó wo ni yóò sì ti máa tọ́jú rẹ̀?

Ìbéèrè kejì ló ń ṣí ojú jù. Ìgbà kan tí mo bi ẹni tó ń mójú tó yàrá àyẹ̀wò kan ní ìbéèrè yìí, kò fèsì. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀, nylon rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, eruku ti bo nylon náà. Àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà ló fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ìfẹ́ àti ìnáwó. Ẹsẹ̀ méjì pẹlẹbẹ ló wà lẹ́nu wáyà rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé 120 volt. Bàbá náà ní òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í bọ iná, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá tì í bọ ọ́ ló máa jóná. Ọdún mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀. Transformer kékeré tó ń sọ iná 230 di 120 ló kù kí wọ́n rà, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi í.

Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ fẹ́ ràn

Níbí ni màá ti pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni àṣìṣe pọ̀ sí.

Ẹ pinnu bóyá ẹni tó mọ̀wé jù ni ẹ ń wá, tàbí ẹni tí ìyà ń jẹ tó sì ń gbìyànjú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọmọ tó gba ipò kìíní máa ń rí ẹ̀bùn láti ibi púpọ̀. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 3.2 nínú 5, tó ń fọ aṣọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó lè jẹun alẹ́, òun ló ṣeé ṣe kí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Èmi fara mọ́ ìkejì yìí, bí owó kò bá tó fún méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ti ọgbọ́n orí ni ẹ fẹ́, ẹ pè é ní ẹ̀bùn ìyìn, kí ẹ má pè é ní ìrànwọ́.

Ẹni tó ń jìyà kì í sábà kọ lẹ́tà tó dùn. Olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà ní ìpele kọ̀ọ̀kan mọ̀ wọ́n, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ wọ́n. Pọ́tà mọ ọmọ tí kò ní ibùsùn, tó ń bá ọ̀rẹ́ sùn lórí matírẹ́ẹ̀sì kan, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní squatting. Ẹ gba orúkọ láti ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ sì wo orúkọ tó bá yọ lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́ọ̀mù yín kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Àwọn tí yóò yàn wọ́n kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta, kí ọ̀kan wá láti òde sẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹnikẹ́ni tó ní àbúrò tàbí ọmọ nínú àwọn tó kọ̀wé sì bọ́ síta lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, iye ọdún. Ká sọ pé ₦6 mílíọ̀nù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè fún ọmọ méjìlá ní ₦500,000 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ya fọ́tò tó kún gbàgede. Ẹ sì lè mú ọmọ mẹ́ta, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦500,000 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́rin. Owó kan náà ni. Àwọn méjìlá yẹn lè má jáde, àwọn mẹ́ta yìí ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn jáde. Ẹni tí ẹ bá gbé ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ gbé e dé òpin, kí ẹ sì rántí pé ìmọ̀ ẹ̀rọ àti òfin jẹ́ ọdún márùn-ún, ìṣègùn sì jẹ́ mẹ́fà. Owó oúnjẹ tó tó lọ́dún yìí kò ní tó lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà, ẹ fi àfikún ọdọọdún sínú ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ máa sọ mẹ́ta di méjì.

Bí ẹ ṣe máa san án náà ṣe pàtàkì. Ibùsùn àti owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ gba nọ́ńbà ìsanwó orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Remita lọ́wọ́ ọmọ náà kí ẹ fúnra yín san án. Owó oúnjẹ, ẹ máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù sí àpò ọmọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ti olùkọ́. Ẹ ṣọ́ ọjọ́ tí pọ́tààlì ìforúkọsílẹ̀ máa tì. Owó tó bá dé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ lè ba sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ fún ọmọ náà, mo ti rí i.

Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2022, láti 14 February títí di 14 October ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi yanṣẹ́ lódì, oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn sẹ́ẹ̀tì kan dá owó oúnjẹ dúró ní oṣù kejì ìyanṣẹ́lódì náà, wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ò ṣí. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wá ṣí, àwọn ọmọ kan kò padà wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìdajì ni ẹ ó máa san bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tì, kí ọmọ lè mọ ibi tí òun dúró.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún òjijì. Ó lè jẹ́ ₦40,000, ó lè jẹ́ ₦60,000, fún ọmọ tí olè kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ nígbà tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, tàbí tí bàbá rẹ̀ kú láàárín ìdánwò. Kí ó jẹ́ pé láàárín ọjọ́ méjì ni owó náà máa dé ọwọ́ rẹ̀, láìsí ìpàdé ńlá, kí ẹ kàn gba rìsíìtì. Nínú gbogbo ohun tí sẹ́ẹ̀tì wa ti ṣe, èyí ló kéré jù, kò sì sí èyí tí àwọn ọmọ ń rántí tó o.

Ohun kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ má ṣe mú àwọn ọmọ kúnlẹ̀ síwájú kámẹ́rà. Ọmọ tí ẹ ràn lọ́wọ́ yóò dàgbà, yóò wá iṣẹ́, yóò wá aya tàbí ọkọ, fọ́tò yẹn á sì wà lórí Facebook títí. Bí ẹ bá nílò ẹ̀rí fún àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà rìsíìtì àti èsì ìdánwò láìsí orúkọ tó.

Bí ó bá jẹ́ àwọn olùkọ́

Ẹ má fi owó kún owó oṣù olùkọ́ kankan. Owú á jẹ àwọn yòókù, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn olùkọ́ aláìtíì-di-ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ fún mi nígbà gbogbo ni owó ìwádìí kékeré: kẹ́míkà, owó ọkọ̀ lọ sí abúlé tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, owó tí jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè ń gbà ní dọ́là kí wọ́n tó tẹ àpilẹ̀kọ jáde, owó ìforúkọsílẹ̀ fún àpérò. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí irú owó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ni ọ̀nà ṣókùnkùn fún.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ìwádìí mẹ́ta lọ́dún, ₦700,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé méjì ni kí wọ́n kọ: kí ni mo fẹ́ mọ̀, báwo ni màá ṣe mọ̀ ọ́n, kí ni màá ná owó lé. Kí ọ̀kan nínú àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò wá láti yunifásítì mìíràn. Kí wọ́n gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó lákọ̀ọ́kọ́, kí ìyókù wá lẹ́yìn ìròyìn oṣù mẹ́fà. Ẹ má gbàgbé àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ nínú yàrá àyẹ̀wò. Bí ẹ bá san owó kí ẹnì kan lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún maikirosíkóòpù ṣe, ẹ ti ra maikirosíkóòpù mẹ́wàá tó ti kú padà sáyé.

Àga ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń fi orúkọ ènìyàn sọ, owó ńlá ló ń gbà kí èlé rẹ̀ tó lè gbé ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ ńlá àti ìdílé ọlọ́rọ̀ ni mo máa ń darí rẹ̀ sí.

Bí ó bá jẹ́ ọgbà àti ilé

Ilé tuntun wu ojú, ó sì rọrùn láti kọ orúkọ sí. Àtúnṣe ló ń gba ẹ̀mí là. Bí mo bá ní ₦20 mílíọ̀nù, ilé ìyàgbẹ́ ilé mẹ́rin nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ni màá tún ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé tí a kò ní lè parí.

Ẹ ní kí ẹ̀ka tó ń rí sí ilé àti iṣẹ́ ní yunifásítì kọ iye gbogbo ohun èlò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá mú ìwé náà fún ẹni tí ẹ gbọ́kàn lé tó mọ iṣẹ́ ilé, kí ó fi wé ọjà. Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ kọ́ńtírákítọ̀ mẹ́ta. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san ìdá díẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀, kí ìyókù máa tẹ̀ lé iṣẹ́ tí ẹ fojú rí, kí ẹ sì dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dúró fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Òjò ni yóò sọ bóyá páànù náà dáa, òjò kì í sì í rọ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń gé ríbọ́ọ̀nù.

Lórí ọ̀rọ̀ iná: ní April 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, sí ₦225 fún yúníìtì kọ̀ọ̀kan, ó sì ba ọ̀pọ̀ yunifásítì lápò jẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn sẹ́ẹ̀tì ti ń sáré fi sólà sí ibi ìkàwé. Ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n bátìrì ni ọkàn rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì lè pẹ́ ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì olómi sábà máa ń rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, lithium ń pẹ́ jù ú lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Kí ẹ tó fi sólà sílẹ̀, kí owó bátìrì kejì ti wà lọ́kàn yín, kí ibi ìkàwé náà má sì wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú yàrá tí àwọn ènìyàn ti ń fi híítà dáná.

Òfin tí mo fún sẹ́ẹ̀tì wa lẹ́yìn bọ́ọ̀hóòlù yẹn rèé: nínú gbogbo ₦100 tí a bá dá, ₦85 la ó fi ṣe iṣẹ́, ₦15 á wà lọ́wọ́ wa fún àtúnṣe. A kò fi ₦15 yẹn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kí pọ́tà fi fọ́tò ránṣẹ́, kí púlọ́ḿbà sọ iye rẹ̀, a ó san án fún púlọ́ḿbà.

Owó tí kò ní tán

Ọ̀pọ̀ ìdílé fẹ́ fi orúkọ bàbá tàbí ìyá wọn tó ti sùn dá ẹ̀bùn ọdọọdún sílẹ̀, kí ojú owó wà ní báńkì, kí èlé rẹ̀ máa fún akẹ́kọ̀ọ́ títí ayé. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n gógó ń jẹ ẹ́. Ní January 1973 tí náírà bẹ̀rẹ̀, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní 2025, dọ́là kan ti lé ní ₦1,400. Ẹ̀bùn ₦100 tí ẹnì kan fi orúkọ bàbá rẹ̀ sọ ní àsìkò yẹn, tó jẹ́ owó gidi nígbà náà, lónìí kò ra kọ́ńgò gàárì kan.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹ má na gbogbo èlé. Ká ní ₦10 mílíọ̀nù wà nínú ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀, tó sì mú ₦1.6 mílíọ̀nù wá lọ́dún, ẹ fi ₦1 mílíọ̀nù kún ojú owó padà, kí ẹ na ₦600,000. Àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì á ní ẹ ń hahun. Ẹ fi orúkọ àwọn ẹ̀bùn àtijọ́ hàn wọ́n nínú ìwé ayẹyẹ ìgboyè, pẹ̀lú iye owó wọn.

Èmi fara mọ́ owó ọdún mẹ́wàá ju owó ayérayé lọ. Ẹ pín in sí ọdún mẹ́wàá, kí ẹ na ojú owó àti èlé tán pátá, kí ọmọ bí ogún jáde lábẹ́ orúkọ ìyá yín. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ìdílé tó kù á pinnu bóyá wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ọ̀nà tí owó ń gbà àti ìwé tí ẹ ó fọwọ́ sí

Bí sẹ́ẹ̀tì yín bá fẹ́ kó owó ńlá jọ, ẹ má kó o sí àpò ẹnì kan, ì báà jẹ́ pásítọ̀ tàbí álúfà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí àwọn olùtọ́jú wà fún (incorporated trustees) lábẹ́ òfin CAMA ti 2020, ẹ gba ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífi owó ẹ̀gbin pamọ́, nítorí báńkì á béèrè rẹ̀, kí ẹ wá ṣí àpò tí ó jẹ́ pé ènìyàn méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ó gba sùúrù àti owó díẹ̀. Bí ẹ bá kéré, ẹ wọ abẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde gbogbogbòò tàbí ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀bùn, tí wọ́n ń pè ní Advancement, ní yunifásítì yín.

Láti 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí owó àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ máa wọ àpò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní TSA. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ẹ kọ̀wé sí akápò wọn kí ó kọ ọ́ padà fún yín: inú àpò wo ni owó yìí máa wọ̀, ta ni yóò fọwọ́ sí i kó tó jáde, ọjọ́ mélòó ni ó máa ń gbà? Bí ìdáhùn náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tó ti parí dípò owó: ẹ san kọ́ńtírákítọ̀ láti àpò yín, kí yunifásítì bójú tó iṣẹ́ náà kí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ yín pẹ̀lú ìwé.

Ìwé àdéhùn kò gbọdọ̀ ju ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ohun tí owó wà fún. Ẹni tí yóò yan àwọn tó máa jàǹfààní. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ àti inú owó wo. Ìgbà tí ẹ ó máa gba ìròyìn. Ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹ̀ka náà bá pa rẹ́ tàbí tí orúkọ rẹ̀ yí padà, kí owó má baà há sí báńkì. Ẹ tún kọ ọ́ kedere pé ẹ kò ní béèrè ààyè ìgbàwọlé fún ọmọ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀bùn yìí. Ó lè dàbí ohun tí kò yẹ kí a sọ. Ẹ sọ ọ́, ó máa ń gba àwọn olórí ẹ̀ka lọ́wọ́ ìyọlẹ́nu.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá gba inú ẹgbẹ́ àánú tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fúnni, tí ẹ sì ti san owó orí tó tó, ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Gift Aid á fi 25p kún pọ́ùn kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀tì tí ogún nínú wọn wà ní Peckham àti Manchester tí kò tíì ṣe èyí ń fi owó sílẹ̀ fún ìjọba. Ní Amẹ́ríkà, owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tààrà sí yunifásítì ní Nàìjíríà kò ní dín owó orí yín kù. Ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó ní ìwé 501(c)(3), ìyẹn ìwé ẹgbẹ́ àánú lábẹ́ òfin owó orí wọn, ẹgbẹ́ tí yóò mójú tó bí wọ́n ṣe ná an. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nílé, òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìwé owó yín kí ẹ má gbára lé ohun tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹrù ńkọ́? Ohun èlò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá iná àti pọ́lọ́ọ̀gì wa mu, ti Amẹ́ríkà kò bá a mu. Owó gbígbé àti gbígba kọ̀nténà ní Apápá lè ju iye àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ lọ. Ìwé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n tẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gba àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀ka náà fẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì, kí ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fúnni

Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́dún, oṣù kan náà nígbà gbogbo. Ti wa jẹ́ November, lẹ́yìn òjò. Ẹni méjì ló ń lọ, a máa ń pààrọ̀ wọn kí ẹnì kan má baà di ọba lórí rẹ̀. Wọ́n máa ń mú ìwé tí a kọ gbogbo ohun tí a ti ṣe sí dání. Wọ́n máa ń ṣí ẹ̀rọ omi gbogbo. Wọ́n máa ń ṣí fáànù gbogbo. Wọ́n máa ń bá ọmọ kọ̀ọ̀kan tí a ń ràn lọ́wọ́ jókòó níkọ̀kọ̀, láìsí olùkọ́ níbẹ̀, wọ́n á bi í bóyá owó oṣù tó kọjá dé. Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí WhatsApp sẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó bàjẹ́, pa pọ̀, kí àwọn tó dá owó rí méjèèjì.

Bọ́ọ̀hóòlù wa ti ń tú omi báyìí. Súmò kẹta ló wà níbẹ̀. Pọ́tà tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí àwọn méjì tó lọ lọ́dún tó kọjá ṣe ni pé wọ́n béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, wọ́n gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, wọ́n sì pè é níbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń lọ.